Jacques Brandenberger, ẹni tó fi igi ṣe awọ fún oúnjẹ

Ní ọjà Ikpinlè, ní kọmúnù Adja-Ouèrè, a kì í fi oúnjẹ lé oníbàárà lọ́wọ́ láìwé e. Ẹ̀kọ wà nínú ewé tíìkì tàbí ewé eéran. Àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná wà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹran díndín wà nínú tákàdá tí wọ́n gé lára àpò sìmẹ́ǹtì. Ògì àti omi tútù wà nínú ọ̀rá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sáṣẹ̀.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí i pé ìwà wọn kò dọ́gba. Ewé ń di omi ẹ̀kọ mú, bí a bá sì jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ a jẹ ẹ́. Tákàdá náà ń jẹrà, ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó dé ilé, òróró àkàrà ti là á já, ó sì ti kan aṣọ; bí ó bá jẹ́ ìwé ìròyìn, tàdáwà ara rẹ̀ lè ràn mọ́ oúnjẹ. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí omi kọjá, kì í sì í jẹ́ kí òróró kọjá, àmọ́ ilẹ̀ kò lè jẹ ẹ́. Ọdún a yí po, àgbẹ̀ a tún fi ọkọ́ hú u jáde láàárín ebè gbágùúdá.

Ǹjẹ́ ohun kan lè wà tí yóò di omi àti òróró mú bí ọ̀rá, tí yóò sì jẹrà bí ewé? Ìbéèrè yìí ti pé ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọkùnrin kan ló sún mọ́ ìdáhùn rẹ̀ jù lọ nígbà ayé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oúnjẹ ló ní lọ́kàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Jacques Edwin Brandenberger. Òun ló dá cellophane sílẹ̀, tákàdá dídán tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, tó máa ń dún ṣàṣà bí a bá fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Zürich nínú iṣẹ́ aṣọ

Wọ́n bí Brandenberger ní ìlú Zürich, ní ilẹ̀ Súwísì, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1872. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míkà, ìyẹn ìmọ̀ nípa ohun tí nǹkan jẹ́ nínú lọ́hùn-ún àti bí ohun kan ṣe ń yí padà di òmíràn, ní yunifásítì ìlú Bern. Ó parí ẹ̀kọ́ náà ní 1895, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Lẹ́yìn èyí, ó kọjá sí ilẹ̀ Faransé, ó sì wọ iṣẹ́ aṣọ. Ní àgbègbè Vosges, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà ní ìlú Thaon, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òwú kí ó lè funfun, tí wọ́n sì ti ń rẹ ẹ́ láró. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ náà ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tí sódà, ásíìdì àti aró ń ṣe sí fọ́nrán òwú, kí aṣọ lè dán, kí ó sì lágbára.

Ẹni tó bá mọ òwú ti mọ ohun púpọ̀ nípa igi pẹ̀lú. Ohun kan náà ló ṣe egungun òwú, igi, háríhá àgbàdo àti ewé. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní cellulose. Nínú òwú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú igi, ó wà pọ̀ mọ́ àwọn nǹkan mìíràn tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ kúrò. Omi kò lè yọ́ cellulose, iná kò sì lè sọ ọ́ di olómi; ńṣe ni yóò jó. Fún ìdí èyí, ó pẹ́ kí ènìyàn tó mọ ọ̀nà tí a lè gbà rọ ọ́ sí oríṣi ìrísí mìíràn.

Ní 1892, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Ìlú Ọba, Cross, Bevan àti Beadle, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà kan. Wọ́n fi igi tí a ti lọ̀ kúnná sínú omi sódà líle, irú sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Lẹ́yìn náà, wọ́n da olómi kan tí à ń pè ní sulfure de carbone pọ̀ mọ́ ọn. Igi náà yí padà di ohun aláwọ̀ ọsàn, nígbà tí wọ́n sì tún yọ́ ọ nínú sódà, ó di olómi tó ki bí oyin. Wọ́n sọ ọ́ ní viscose. Bí viscose bá bọ́ sínú ásíìdì, yóò dì, yóò sì padà di cellulose bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Igi ti di omi, omi sì ti tún di igi, ṣùgbọ́n ní ìrísí tí ẹni tó rọ ọ́ bá fẹ́. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi ṣe okùn tó ń dán bí sẹ́dà. Brandenberger ló wá rí ohun mìíràn nínú rẹ̀.

Ọtí àjàrà lórí aṣọ tábìlì

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ ni pé, ní nǹkan bí ọdún 1900, ó jókòó nínú ilé oúnjẹ kan, nígbà tí oníbàárà kan da ọtí àjàrà sórí aṣọ tábìlì. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sáré wá, ó ká aṣọ náà kúrò, ó sì tẹ́ òmíràn. Ojú oníṣẹ́ aṣọ ni Brandenberger fi wo ọ̀ràn náà. Ó rò ó pé, bí a bá lè fi awọ fẹ́lẹ́ kan bo òwú, ọtí kò ní wọ inú rẹ̀, wọn yóò kàn fi àkísà nù ún ni.

Ó padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì dán an wò. Ó fi viscose kun aṣọ òwú, ó sì jẹ́ kí ó dì. Òótọ́ ni pé awọ náà lẹ̀ mọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ náà le gbagidi. Kò ṣeé ká, kò sì ṣeé tẹ́ sórí tábìlì, kí á má tilẹ̀ sọ pé a ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Ohun tó wá kò bọ́ sí i.

Àmọ́ nígbà tó ń yẹ aṣọ náà wò, ó rí i pé awọ ojú rẹ̀ ń ṣí kúrò lára òwú. Ó bó o, ó sì di ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: tẹ́ẹ́rẹ́, dídán, tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ẹlòmíràn ì bá jù ú nù pẹ̀lú aṣọ tó bàjẹ́. Brandenberger fi aṣọ sílẹ̀, ó sì tẹ̀lé awọ. Láti ọjọ́ náà lọ, kò béèrè bí a ṣe lè bo aṣọ mọ́. Ohun tó ń béèrè ni bí a ṣe lè ṣe awọ náà lọ́tọ̀, kí ó gùn, kí ó fẹ̀, kí ó sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọdún méjìlá nídìí iṣẹ́

Ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. Awọ tó kọ́kọ́ rí nípọn, ó sì máa ń ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ. Bí ó bá fín in jù, a ya. Bí ó bá ki jù, kò ní ṣeé ká. Ní 1908, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n títí di nǹkan bí 1912 ló ṣì ń tún un ṣe, kí ó tó fín, kí ó sì rọ̀ tó bí ó ti fẹ́.

Iṣẹ́ tó ṣòro jù ni ẹ̀rọ. Òye rẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí ẹ̀kọ gbígbóná ṣe ń dì nígbà tó bá tutù. Viscose ń gba ojú ihò gígùn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an jáde, bí ìgbà tí omi bá ń gba ojú ilẹ̀kùn tí a ṣí díẹ̀. Bí ó ṣe ń jáde ló ń bọ́ sínú ọpọ́n ásíìdì, níbi tó ti ń dì lójú ẹsẹ̀. Awọ tó dì náà kò gbọdọ̀ dúró. Àwọn òpó tó ń yí a máa fà á láti inú ọpọ́n kan bọ́ sínú òmíràn, kí wọ́n lè fọ ásíìdì kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n yọ òórùn sọ́fúrù, kí wọ́n sì sọ ọ́ di funfun. Kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tó ní glycérine, ohun olómi dídùn tó máa ń rogún sí ìdí ọṣẹ. Glycérine yìí ló ń mú kí awọ náà rọ̀, kí ó má ṣẹ́ mọ́. Bí ó ti rí láti òpin kan dé èkejì nìyí, láìdúró, títí awọ náà yóò fi wé mọ́ igi bí ìtì aṣọ.

Brandenberger sọ ọmọ tuntun náà ní cellophane. Ó mú ìdajì orúkọ náà láti inú cellulose, ó sì mú ìdajì kejì láti inú ọ̀rọ̀ Faransé diaphane, tó túmọ̀ sí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Ní nǹkan bí 1913, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ okùn àtọwọ́dá ilẹ̀ Faransé, Comptoir des textiles artificiels, fi owó wọn tì í lẹ́yìn, ilé iṣẹ́ La Cellophane sì dìde. Ní Bezons, lẹ́bàá odò Seine, nítòsí Paris, ni wọ́n kọ́ ibi iṣẹ́ sí. Ogun Àgbáyé Kìíní dé láìpẹ́, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà tàn kíá. Lẹ́yìn ogun, ní nǹkan bí 1920, ó wá gbòòrò dáadáa.

Ní àkókò náà, ohun ọlọ́lá ni cellophane. Ó wọ́n gógó. Àwọn tó ń ta lọ́fínńdà àti ẹ̀bùn iyebíye ni wọ́n ń rà á. Ó dán, ó mọ́, kò ní òórùn, eruku kò kọjá lára rẹ̀, òróró pẹ̀lú kò là á já. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì pé, ilẹ̀ lè jẹ ẹ́, nítorí igi ni.

Síbẹ̀, ohun tó dára fún ẹni tó rà á kò fi gbogbo ìgbà dára fún ẹni tó ṣe é. Májèlé ni sulfure de carbone. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ a máa wọ ara láti imú, a sì máa ba iṣan ara jẹ́. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ viscose káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ kan ṣàárẹ̀ lọ́dọọdún: ẹsẹ̀ àwọn kan kú, ọkàn àwọn mìíràn dàrú. Nínú cellophane tó dé ọwọ́ oníbàárà, wọ́n ti fọ májèlé náà kúrò, nítorí náà ẹni tó bó o lára oúnjẹ kò lè mọ ohun tí wọ́n jìyà kí ó tó wà. Ìtàn igbésí ayé Brandenberger kò pé bí a bá fi apá yìí sílẹ̀.

Awọ tí kò lè dá dúró

Amẹ́ríkà ni cellophane ti di ohun gbogbo ènìyàn. Láti 1912 ni ilé iṣẹ́ Whitman's ní Philadelphia, tó ń ṣe ṣokoléètì, ti ń kó o wọlé láti ilẹ̀ Faransé. Ní 1923, ilé iṣẹ́ DuPont gba ẹ̀tọ́ láti máa ṣe é níbẹ̀, ní 1924 sì ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York.

Ibẹ̀ ni àléébù kan ti hàn gbangba. Cellophane ń dí òróró, ó sì ń dí eruku, ṣùgbọ́n kò lè dí ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́. Nítorí pé igi ni, ó ń fa ọ̀rinrin bí igi, ó sì ń jẹ́ kí ó kọjá. Kéèkì tí wọ́n wé sínú rẹ̀ a gbẹ. Sìgá a gbẹ. Ohun tó yẹ kí ó wà ní gbígbẹ a sì rọ̀ nígbà òjò. Ohun tí a wé kò yí àwọ̀ padà, ojú oníbàárà sì rí i kedere, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mọ́. Ṣokoléètì lè fara dà á. Búrẹ́dì kò lè fara dà á.

DuPont gbé ọ̀ràn náà lé ọ̀dọ́ onímọ̀ kan lọ́wọ́, William Hale Charch. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbìyànjú oríṣiríṣi èròjà, ó ju 2 000 lọ, kí wọ́n tó rí èyí tó ṣe é. Ní 1927, ó yanjú. Ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ ni, tí a fi nitrocellulose ṣe, tí ìda díẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun tó ń mú kí ó rọ̀, kí ó sì lẹ̀ mọ́ awọ náà. Ó fín débi pé ojú kò lè rí i, kò sì dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ìda inú rẹ̀ ló ń lé ọ̀rinrin sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ní 1900, Brandenberger fẹ́ fi awọ bo aṣọ kí omi má bàa wọ̀ ọ́, kò sì ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ọdún 27, ẹlòmíràn fi awọ bo awọ rẹ̀ fún ìdí kan náà, ó sì ṣeé ṣe. Èrò àkọ́kọ́ kò burú rárá; ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé viscose nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ méjì. Igi lágbára, ó sì ń dí òróró. Ìda kò lágbára láti dá dúró, ṣùgbọ́n ó ń dí omi. Nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba iṣẹ́ tirẹ̀, oúnjẹ bọ́.

Láàárín 1928 sí 1930, iye cellophane tí DuPont ń tà di ìlọ́po mẹ́ta. Búrẹ́dì, kéèkì, sìgá, ẹ̀fọ́ àti ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Oníbàárà wá lè fi ojú ara rẹ̀ yan ohun tó fẹ́, láìjẹ́ pé ọwọ́ kan oúnjẹ. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń pè é lójoojúmọ́, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá a lẹ́jọ́ ní 1936 pé orúkọ náà ti di ti gbogbo ayé, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan mọ́. Ní Ìlú Ọba, La Cellophane àti ilé iṣẹ́ Courtaulds da ọwọ́ pọ̀ ní 1935 láti dá British Cellophane sílẹ̀, tó sì ní ibi iṣẹ́ ní ìlú Bridgwater.

Ọlá àti ìsinmi

Brandenberger kò kú kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí. Ní 1937, Franklin Institute ní Philadelphia fi àmì ẹ̀yẹ Elliott Cresson dá a lọ́lá nítorí cellophane. Ó ti tó ọmọ ọdún 65 ní ọdún náà. Ó kú ní Zürich, ìlú tí wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1954, ní ẹni ọdún 81.

Ọmọbìnrin rẹ̀ fi ogún tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ àjọ kan ní ilẹ̀ Súwísì, èyí tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà, tó sì ń fún àwọn tó ṣe ọmọnìyàn lóore ní ẹ̀bùn. Ní 2006, ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn olùdásílẹ̀ ńlá.

Ohun tó tẹ̀lé cellophane

Nígbà tó fi kú, ohun tí yóò gba ipò cellophane ti wà nílẹ̀. Ní 1933, ní Ìlú Ọba, àwọn onímọ̀ ṣàdédé rí polyéthylène, èyí tí a fi ń ṣe ọ̀rá òde òní. Epo rọ̀bì ló ti wá, kì í ṣe igi. Kò gbówó lórí, a lè fi iná díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì ń dí omi láìsí pé a fi ọ̀dà kun ún. Láti àwọn ọdún 1960 lọ, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ lé cellophane kúrò nídìí ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Tákàdá dídán tí a fi ń wé òdòdó àti súwíìtì lónìí ń jọ cellophane, àwọn ènìyàn sì ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe igi mọ́.

Ohun tí a jèrè nínú owó, ilẹ̀ ló ń san án padà. Ní oko Adja-Ouèrè, láti Massè títí dé Oko-Akaré, ọ̀rá tó wọ ilẹ̀ kì í jẹ́ kí omi òjò wọlé dáadáa, gbòǹgbò kò sì lè la ibẹ̀ kọjá. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ọ̀rá tó ní èérí oúnjẹ lára lè kú. Ìdí nìyí tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi ṣe òfin 2017-39, ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, tó ka ṣíṣe, kíkó wọlé, títà àti lílo ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Òfin lè lé ọ̀rá lọ, ṣùgbọ́n òróró àkàrà kò mọ òfin. Ẹni tó padà sí tákàdá tún bá ìṣòro Brandenberger pàdé: tákàdá lásán kò lè dí ohunkóhun. Ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n kọ́kọ́ fi polyéthylène bo inú ife tákàdá. Ife náà di omi mú, àmọ́ ó di ìdajì igi, ìdajì ọ̀rá, ó sì ṣòro láti yà wọ́n. Wọ́n tún fi àwọn kẹ́míkà kan tí à ń pè ní PFAS kun tákàdá, èyí tó ń lé omi àti òróró pọ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé àwọn kẹ́míkà náà kì í jẹrà, pé wọ́n ń wọ inú omi, wọ́n sì ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Denmark kà wọ́n léèwọ̀ lára tákàdá oúnjẹ ní 2020. Ní 2024, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ilé iṣẹ́ kò ta irú wọn tó ń dí òróró fún tákàdá oúnjẹ mọ́ níbẹ̀.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń padà sí ohun tó hù láti inú ilẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó ń rogún sí ìsàlẹ̀ omi gbágùúdá, bí a bá sè é tí a sì fi kun tákàdá, yóò gbẹ di awọ tó ń dí òróró dáadáa, ṣùgbọ́n omi a borí rẹ̀. Ìda oyin àti ìda igi ń dí omi, àmọ́ ooru a máa yọ́ wọn, wọ́n sì lè sán níbi tí a bá ti ká tákàdá. Èròjà kan wà nínú àgbàdo, tí à ń pè ní zéine, tí kì í yọ́ nínú omi, a sì lè fi ṣe awọ. Gbágùúdá àti àgbàdo kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Adja-Ouèrè. Ìṣòro tó kù jọ ti 1924: ọ̀kan dí òróró, èkejì dí omi, a kò sì gbọ́dọ̀ retí pé ọ̀kan ṣoṣo yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì. A ní láti kun wọn léra wọn, kí ó fín, kí ó má wọ́n, kí ó sì tún jẹrà.

Ewé ti mọ èyí tipẹ́. Ara rẹ̀ ni cellulose, bíi tákàdá. Ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, awọ kan wà tó fín gan-an, ìda sì wà lórí awọ náà. Ẹni tó bá da omi sórí ewé kókò yóò rí i bí omi ṣe ń ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, tí yóò sì yí dànù láìrẹ ewé. Iṣẹ́ Brandenberger àti ti Charch papọ̀ ni ewé ń ṣe yẹn, kò sì ná ilẹ̀ ní nǹkan kan. Bí ewé ṣe ń tán nítorí pé igbó ń tán, tí ọjà sì ń gbòòrò, kò ní tó fún gbogbo ènìyàn mọ́. Ìdí nìyí tí a fi nílò tákàdá tó ń hùwà bí ewé.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn oníṣòwò yóò gbé irú tákàdá bẹ́ẹ̀ dé Ikpinlè, tí wọn yóò sì máa yìn ín. Ẹni tó mọ ìtàn ọkùnrin Zürich yìí kò ní ra ariwo. Yóò da omi sí i, yóò sì fi òróró gbígbóná kàn án. Yóò ri díẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì padà hú u lẹ́yìn òjò kan. Lẹ́yìn èyí, yóò tún béèrè ohun tí wọ́n fi kun ojú rẹ̀, àti bóyá ara le fún àwọn tó ṣe é.